Kí Wọ́n Wó O, Àbí Kí Wọ́n Má Wó O

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé a fẹ́ dìbò ní àdúgbò wa, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló ń du ipò. Mo ní kò sẹ́ni tó ń du ipò kankan. Mo ní ilé tí à ń gbé gan-an ni a fẹ́ dìbò lé lórí, bóyá kí káńsù tó ni ín wó o kí wọ́n tún un kọ́, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin ayálégbé ni onílé ń bi léèrè kó tó wó ilé ara rẹ̀? Irú ìlú wo lo tiẹ̀ lọ yìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá.

Inú mi ò dùn nítorí Alhaji.

Ọjọ́ tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó yẹ kó wá pàdé mi pa fóònù rẹ̀. Títí dòní mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́, kí Ọlọ́run ṣáà forí jì í. Mo bá ara mi ní Rye Lane, ní Peckham, pẹ̀lú àpótí mi. Mo ń gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì, mo ń rí iṣu tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, òórùn ẹja gbígbẹ ń fẹ́ sí mi nímú, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tí mo mọ̀ níbẹ̀. Ká ní òyìnbó nìkan ni mo rí ni, ǹ bá gbà pé àjèjì ni mí, ǹ bá sinmi. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má sì yíjú wò ó, ẹ̀rù tìyẹn yàtọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn tó ń kọjá. Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? "Ẹ káàsán, mà. Ẹ káàsán, sà." Àwọn kan dáhùn láìdúró, àwọn kan wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ owó. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó dé fìlà funfun, tó gbé ata rodo sínú láílọ́ọ̀nù, òun nìkan ló dúró. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti kí mi ní àlọ, o tún kí mi ní àbọ̀. Ṣé o sọnù ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n tó yẹ kó wá mú mi ni mi ò rí, sà."

"O ti jẹun?"

"Rárá, sà."

"Gbé àpótí ẹ, máa tẹ̀ lé mi."

Alhaji nìyẹn. Kò béèrè ìlú mi, kò béèrè ẹ̀sìn mi, títí a fi délé rẹ̀. Ìgbà tó rí sùtánà funfun tí mo ká sínú àpótí ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aládùúrà! Ó dáa. O ò ṣáà ní máa lu agogo mọ́ mi létí." Orí àga gígùn inú pálọ̀ rẹ̀ ni mo sùn láti ìgbà òtútù títí àwọn igi fi tún rúwé. Alhaja, ìyàwó rẹ̀, ṣì wà láyé nígbà náà. Obìnrin náà a máa jí ṣe sààrì nínú oṣù ààwẹ̀, a sì gbé tèmi sọ́tọ̀ kí n rí i jẹ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, èmi tí mi ò gbààwẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo rí ni títọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní New Cross. Tíṣà ni mí nílé, mo wá di ẹni tó ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ tó ti darúgbó. Iṣẹ́ náà kọ́ ni ìyọnu, iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ṣe mí ni pé ìyá kan níbẹ̀ ní kí n máa pe òun ní orúkọ òun, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ń pè é ní Mummy. Ọ̀gá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n yéé pè é bẹ́ẹ̀, pé ìyá náà kì í ṣe ìyá mi. Mo ní mo ti gbọ́. Ọ̀gá lọ tán, mo tún pè é ní Mummy, ìyá náà sì ṣẹ́jú sí mi. Títí ó fi kú, láàárín èmi àti òun, Mummy ni.

Nígbà tó yá, ìwé ìgbélùú wa jáde. Ìyàwó mi dé pẹ̀lú Mòrẹ́nikẹ́, ọmọ wa obìnrin. Yàrá kan ní ẹ̀gbẹ́ Elephant and Castle la kọ́kọ́ há ara wa sí, a ń dúró kí káńsù fún wa nílé. A dúró títí ó fi sú wa. Ọjọ́ tí wọ́n máa pè wá, ẹ lè má gbà mí gbọ́, fúláàtì tó wà lórí ti Alhaji gan-an ni wọ́n fún wa. Alhaji ní àdúrà òun ni. Wòlíì wa ní àdúrà ìjọ ni. Mo ní kí àwọn méjèèjì lọ parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Lọ́jọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀ tí kò sí àga, mo ń rẹ́rìn-ín bí dìndìnrìn. Mòrẹ́nikẹ́ kì í pe Alhaji ní Alhaji. Daddy Ìsàlẹ̀ ló ń pè é.

Àṣé ilé náà ń ṣàìsàn. Omi ń jẹ ògiri yàrá ọmọ, èbu dúdú ń hù sí i lára. A nù ún, a fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, a kùn ún lọ́dà, kò pẹ́ tó fi tún dé. A kọ̀wé sí káńsù, wọ́n wá, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n lọ. Mòrẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Dókítà ní ásímà ni, ikọ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa, ó fún un ní pọ́ǹpù kékeré tí yóò máa fín sẹ́nu. Ọjọ́ Sunday kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò lè sọ̀rọ̀, pọ́ǹpù ò ràn án. Ìyàwó mi figbe ta. Alhaji gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Òun ló pe áńbúláǹsì, òun ló jáde sójú títì láìwọ bàtà tó ń ju ọwọ́ sí wọn, nígbà tí èmi baba ọmọ dúró sáàárín yàrá bí òpó. Ọlọ́run yọ ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí Alhaja wá ṣaláìsí, inú fúláàtì yẹn náà ló kú sí, nínú yàrá tó kọjú sí ọgbà. Alhaji ò kúrò. Ó gbin ẹ̀fọ́ ṣọkọ sínú korobá sí bákónì, ó ń bu omi sí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti òkè.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn nígbà tí káńsù pè wá sípàdé ní gbọ̀ngàn. Obìnrin kan tó múra dáadáa fi àwòrán hàn wá: igi, ìjókòó, àwọn ọmọdé tó ń gun kẹ̀kẹ́, ilé tuntun gàgàrà. Ó ní bí ọ̀pọ̀ wa bá dìbò Bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò wó gbogbo ẹ́stéètì. Àwa tí à ń san rẹ́ǹtì, wọn yóò fún wa ní ilé tuntun ní àdúgbò yìí kan náà. Àwọn tó ti ra fúláàtì tiwọn lọ́wọ́ káńsù, irú Alhaji, wọn yóò san owó rẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n owó náà kò ní tó ra ilé tuntun. Wọ́n lè fi ra apá kan, kí ìyókù jẹ́ ti káńsù, kí wọ́n jùmọ̀ ni ín.

Alhaji dìde. Ó ní, "Ilé tí mo ti san tán. Ẹ fẹ́ kí n fi í sílẹ̀, kí n wá bá yín jùmọ̀ ni òmíràn?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀nà púpọ̀ ló wà.

Alhaji ní, "Mo ti darúgbó. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ mi mọ̀."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó fẹ́ jókòó ló bá yíjú sẹ́yìn, ó rí wa: èmi, ìyàwó mi, àti Mòrẹ́nikẹ́ tó di pọ́ǹpù rẹ̀ mọ́wọ́. Ó wò wá pẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Kí àgbà má dá ènìyàn lóhùn! Mo kí i lórí àtẹ̀gùn, ó mi orí, ó kọjá. Mo dúró dè é nídìí líìfùtì, ó rí mi, ó gba àtẹ̀gùn, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Àkàrà tó máa ń gbé wá fún Mòrẹ́nikẹ́ bó bá ti kírun Jímọ̀ dé, a ò rí i. Ọmọ bi mí pé, "Daddy, kí la ṣe fún Daddy Ìsàlẹ̀?" Mo ní a ò ṣe nǹkankan. Ó wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìwé ìbò dé, tèmi ọ̀tọ̀, ti ìyàwó mi ọ̀tọ̀. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí tirẹ̀ sùn nílé, ọjọ́ náà ló ti fi í ránṣẹ́. Mo ní kí ló ń lé e?

Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa wò ó ni? Àyà ọmọ mi ni mo dìbò fún."

Mo ní, "Alhaji ńkọ́?"

Omi lé sójú rẹ̀. "Ẹ má ṣe bíi pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ Alhaji, Bàbá Mòrẹ́nikẹ́. Kì í ṣe òun ni mo dìbò lòdì sí."

Mo ní, "Òun ni."

Ó lọ yí ìsàlẹ̀ ìrẹsì tó ti ń jó.

Mo pe ìyá mi. Mo rò fún un látòkè délẹ̀. Ní báyìí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìwọ ọmọ yìí, lọ bá bàbá náà. Dọ̀bálẹ̀. Ohun tó bá ní kí o ṣe, ṣe é." Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ara tù mí. Mo rò pé bí Alhaji bá ti sọ̀rọ̀, ẹrù á bọ́ lọ́rùn mi. Bó bá ní kí n dìbò Bẹ́ẹ̀ kọ́, màá dì í, màá sì sọ fún ìyàwó mi pé àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni mo sọ̀kalẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà."

"O ti dìbò?"

"Rárá, sà. Ohun tí mo torí ẹ̀ wá gan-an nìyẹn."

"Ohun tí mi ò fi ní ṣílẹ̀kùn náà nìyẹn."

Kí ni kí n ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, níwájú ilẹ̀kùn pípadé. Obìnrin òyìnbó tó ń gbé ní ìkángun kọ́ríídọ̀ ń fa ajá rẹ̀ bọ̀. Ajá wá gbóòórùn etí mi. Obìnrin náà bi mí bóyá àyà ló ń dùn mí, ó ti yọ fóònù kó pe dókítà. Alhaji dá a lóhùn láti inú ilé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kó má ṣèyọnu, ọmọ òun ni, ó ń kí òun ni. Obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọmọ òun. Mo fojú bo ilẹ̀.

Alhaji sún mọ́ ilẹ̀kùn. Mo mọ̀, torí ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù. Ṣé o rò pé mò ń bínú sí ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òmùgọ̀. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn yìí, wàá bi mí ní ohun tí mo fẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, wàá ṣe é. Bí mi ò bá sọ ọ́, wàá wo ojú mi, wàá ṣì ṣe é. Ṣé ìbò wá nìyẹn? Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò ní di àṣẹ lọ́dọ̀ ẹ? Wọ́n bi mí, mo ti dáhùn tèmi. Ìwọ ni wọ́n ń bi báyìí. O lọ́mọ nílé. Gòkè lọ."

Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́."

"Bí o ò bá tíì dì í, má padà wá síbí."

Mo gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ bó ṣe ń wọ́ lọ sí kíṣìnnì.

Nílé lọ́hùn-ún, mi ò dá ṣe ìpinnu ńlá rí. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, ẹbí á jókòó, àwọn ọ̀dọ́ á sọ tiwọn, àgbà á sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ibẹ̀ la ó gbà. Bó bá burú, gbogbo wa ló burú fún. Ọdún tí mo ti lò níbí, mo ti dá sùn, mo ti dá jẹun, mo ti dá ṣọdún Kérésì nínú yàrá tí kò sí iná ìmúlé-móoru. Mo rò pé mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdáwà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí àgbà tìlẹ̀kùn mọ́ mi nítorí ìfẹ́ ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Mo jókòó ní kíṣìnnì pẹ̀lú ìwé ìbò. Mòrẹ́nikẹ́ wà ní iwájú mi, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó wúkọ́, ó fa pọ́ǹpù sẹ́nu, ó gbé e sílẹ̀, ó ń bá ìṣirò rẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ti mọ́ ọn lára. Ohun tó pa mí nìyẹn. Mo fa ìlà sí Bẹ́ẹ̀ ni. Mo wọ bàtà, mo yára jáde lọ sọ ọ́ sínú àpótí lẹ́tà tó wà ní ìkóríta, kí ọkàn mi má baà yí padà. Ní ojú títì Peckham, ní ọ̀sán gangan, mo sunkún. Kò sẹ́ni tó wò mí. Oore tí ìlú yẹn ṣe mí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Mo padà lọ kan ilẹ̀kùn. "O ti dì í?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó ṣí i. Ó wo ojú mi tó pọ́n, ó wò ó dáadáa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Èmi ò tiẹ̀ sọ àbọ̀.

Ó ní, "Wọlé wá jẹun."

Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló sè. Mo mú ṣíbí, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ní, "Alhaji, ìbò yẹn, mo dì í pé…"

"Ṣé mo bi ẹ́?" Ó ti àwo ata sí mi. "Bu ata sí i. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

"Ikọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó ṣì ń wú u, sà."

Ó mi orí. Ó ń jẹun, kò wò mí mọ́. Mo jẹun tán, mo fọ àwo, mo gòkè.

Bẹ́ẹ̀ ni ló wọlé nínú ìbò náà, iye Bẹ́ẹ̀ kọ́ ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn rárá. Ìyàwó mi ní, "Ṣé ẹ rí i? Ká ní ẹ dìbò Bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ì bá ṣì wó o. Kì í ṣe ìbò tiyín ló wó o." Òótọ́ ló sọ. Kò tù mí nínú.

Alhaji wá fúláàtì kiri ní gbogbo àdúgbò wa títí dé Brixton, apá rẹ̀ ò ká a. Báńkì ò yá ẹni ọjọ́ orí rẹ̀ lówó ilé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Manchester ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ tó ń lọ, èmi ni mo bá a di ẹrù. A kó gbogbo ẹ̀ sínú mọ́tò tán, a ò rí i. Mo bá a nínú yàrá tó kọjú sí ọgbà, ó dúró gbagidi sáàárín ilẹ̀ òfìfo.

Ó ní, "Ibí ni Alhaja kú sí. Bí wọ́n bá wó o, ibo ni kí n máa wá dúró sí?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. A dúró bẹ́ẹ̀ títí awakọ̀ fi fọn fèrè.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Èmi ò mọ ilé tí mo fẹ́ re mọ́. Ìyá mi wà níbẹ̀yẹn, ọmọ mi ń fi ohùn òyìnbó sọ Yorùbá níbí, ẹni tó so mí mọ́ Peckham sì ti wà ní Manchester, nínú yàrá kékeré kan ní ilé ọmọ rẹ̀, tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ kó tó wo ìròyìn.

Wọ́n fún wa ní ilé tuntun ní òdìkejì títì. Ògiri rẹ̀ gbẹ táútáú. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kó wọlé, Mòrẹ́nikẹ́ sùn láìwúkọ́, ìyàwó mi sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Mo dúpẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò dúpẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé, fóònù dún.

Alhaji ní, "Mo gbọ́ pé ẹ ti kó wọlé. Ta ló ṣàdúrà ìṣílé fún yín?"

Mo ní, "Wòlíì ń bọ̀ lọ́la, sà."

"Ó dáa. Kí Wòlíì tó dé, ẹ kúnlẹ̀. Gbé fóònù náà sí ibi tí gbogbo yín á ti gbọ́ mi."

A kúnlẹ̀ sáàárín páálí tí a ò tíì tú. Katapílà ń ké gbáà-gbáà ní òdìkejì títì, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àtijọ́ láti òkè. Alhaji gbọ́ ọ. Ó ní, "Ariwo kí nìyẹn?" Kò sí ẹni tó dáhùn nínú wa. Alhaji bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní ilé náà á tù wá lára. Ó ní a ó fi ṣọmọ, a ó fi ṣowó, a ò ní fi sunkún. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní lé wa jáde níbẹ̀, pé ilé wa ò ní wó lójú wa láéláé. Bàbá tí mo dìbò pé kí wọ́n wó ilé rẹ̀ ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí tèmi má wó.

Ìyàwó mi ń ṣe àmín. Mòrẹ́nikẹ́ ń ṣe àmín.

Alhaji dánu dúró. Ó ní, "Mi ò gbọ́ ohùn ọkùnrin níbẹ̀."

Mo ní, "Àmín, sà."